Ìtọ̀ Mi Ni Mo Fi Dípò Ti Àbúrò Mi

Ìtọ̀ tí dókítà yẹ̀ wò lọ́jọ́ Monday, tí wọ́n ní kò sí wàhálà, tí wọ́n fi ní kí àbúrò mi máa lọ sílé... tèmi ni. Èmi ni mo tọ̀ ọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, Peckham tí à ń gbé yìí ò tóbi.

Èmi ni àkọ́bí. Látìgbà tí Daddy ti kú, èmi ni bàbá nínú ilé wa, àbúrò mi sì ti pé twenty-four. Lọ́jọ́ Sunday, Mummy pè mí níbi tí mo ti ń já iṣu sílẹ̀ nínú van ní Rye Lane, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní àbúrò mi ti àwọn, àwọn ṣubú lu cooker. Mi ò bi wọ́n pé kí ló fà á. Mo wọlé, mo fa wáyà extension yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Itan, ẹ̀yìn, ìdí, apá tó fi ń gbà á... mo nà án títí wáyà fi já. Mo fi bàtà iṣẹ́ mi tẹ itan ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo tún ní kó máa ṣe frog jump láti kitchen dé ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún wa nílé ìwé ní Ìbàdàn, tó bá ti dúró, mo tún gbá a nípàá. Ó lé ní wákàtí kan. Mummy tó pè mí ló padà ń bẹ̀ mí, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, mo já a gbà. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ọmọ ni mò ń kọ́.

Nígbà tó di Monday, kò lè dìde, itan ẹ̀ wú, ó le bíi pákó. A gbé e lọ sí hospital, a ti fẹnu kò pé orí stairs ló ti ṣubú. Dókítà obìnrin kan gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó ní tí ẹran ara bá fọ́ báyìí, ìdọ̀tí ẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ò tíì burú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé àwọn àmì kan wà nínú ìtọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé kíndìnrín fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó fún wa ní bottle. Èmi ni mo di àbúrò mi mú lọ sí toilet. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó jáde dúdú bíi kọfí! Ẹ̀rù bà mí... police ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ mi? Ó gbórí lé ògiri, ó dijú, kò rí mi. Mo dà á nù, mo ṣan bottle, mo tọ̀ sí i. Result jáde, ó clean. Wọ́n ní ká máa lọ, ká padà wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Wednesday.

Látọjọ́ Tuesday kò tọ̀ mọ́. Ojú ẹ̀ wú, ó ń bì, mo ní kó máa mu omi. Wednesday ló dákú. Kíndìnrín ẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Dókítà ń wo result Monday, ó ní ohun tó bà á jẹ́ ní láti jẹ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ń bi í bóyá ó gbé májèlé jẹ, bóyá ó fẹ́ pa ara ẹ̀. Májèlé wo?

Lánàá, Mummy ń gbé mi ṣépè níwájú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní bí mo ṣe nà án ló fà á. Àbúrò mi, tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́rùn, ló ń gbèjà mi. Ó ní, "Mummy, ẹ fi Brother mi sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe test lọ́jọ́ Monday, it was fine. Kì í ṣe Brother mi ló fà á." Ó sì di ọwọ́ mi mú.

Dókítà fẹ́ rí gbogbo ìdílé ní aago mẹ́ta òní. Aago méjì ti kọjá. Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú Mummy àti dókítà ni? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá àbúrò mi, kí n ní kó yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò nínú tèmi ná? Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn.