Mo Tú Okùn Ìdí Sènà

Ajido, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.



Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Àjàṣẹ́ kọjá ibodè wá bá ṣọ́ọ̀ṣì tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà níbí ni inú ti ń bí mi sí Ìyá Sènà. Tó bá ti ń yan ẹja, á fi okùn so Sènà mọ́ ìdí igi àgbọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo ní ìkà ni. Lónìí ọmọ náà sunkún títí, mo bá tú u.

Mo kàn yíjú sí àwọn ọmọ yòókù tó ń jà nítorí bọ́ọ̀lù ni. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sí Sènà. Ọ̀sà rèé níwájú mi. Mo wọnú omi tòun ti bàtà, mò ń fọwọ́ wá a nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀...

Inú ọkọ̀ apẹja kan tí wọ́n fà sórí iyanrìn ni mo ti wá rí i, ó ti sùn sórí àwọ̀n.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Sènà, mo ní, "Mà, èmi ni mo tú u."

"Mo mọ̀. O rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi ni? Ọwọ́ méjì péré ni mo ní, ọmọ Àjàṣẹ́."

Ó gbé Sènà lé mi lẹ́sẹ̀, ó so okùn padà mọ́ ọn nídìí, ó ní kí n di orí okùn náà mú. "Ẹ sùn, ẹ̀yin méjèèjì." Mo sì sùn, irú oorun tí mi ò tíì sùn láti ìgbà tí mo dé.

Ó ń lọ Badagry láàárọ̀ ọ̀la, ó ní èmi ni kí n máa mójú tó Sènà. Ì bá sàn kó kàn bú mi. Màá so ó mọ́ra mi. Tí okùn bá wá já ńkọ́?