Bí Mo Ṣe Di Ọlọ́kọ̀ Láìmọ Ọkọ̀ Wà

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Sábó,
                                        Yábàá, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ayọ̀miídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ àbí wọ́n ṣì ń fi òróró gbígbóná ra á? Ṣé Bàbá ti fi oko kaṣú yẹn sílẹ̀, àbí kaṣú ló máa fi wọ́n sílẹ̀? Bá mi béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, títí kan ewúrẹ́ yín tó jẹ ìwé mi lọ́jọ́sí. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́. O ráhùn nínú lẹ́tà rẹ pé mi ò sọ nǹkan kan nípa Èkó. Òótọ́ ni. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ mí. Tí ènìyàn bá kí mi, kí n tó rí èsì tó bójú mu, onítọ̀hún á ti kọjá. Èkó ò sì ní sùúrù fún irú wa. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé, ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì nìkan ni mo máa ń gbọ́ Tèmídayọ̀, ohùn kẹ́lẹ́ ni mo sì fi máa ń jẹ́ ẹ, débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò wá. Nínú ilé níbí, Sítúdẹ́ǹtì ni mò ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, ìbátan màmá mi, ni mò ń gbé. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè wọ́n ní Àǹtí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé lọ sílé ìwé láràárọ̀. Síẹ́nà àtijọ́ kan ni ọkọ̀ náà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ọ̀tún kì í ṣí àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Rédíò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ti gba iṣẹ́ ìwé ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa ṣe é. Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn bá èèyàn ṣe é ti parí iṣẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti bímọ. Nídìí ẹ̀rọ omi, ẹnì kan ní ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá ti họ ni wọn yóò gbà. Fadilah tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé wa ní òun gbọ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ló gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka fúnra rẹ̀. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹnì kejì. Ayọ̀miídé, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó ni ọkọ̀ rẹ̀ nínú ìwé. Orúkọ ẹni tó tà á fún wọn ni gbogbo wọn ń gbé kiri. Ti bàbá onílé wa, ẹni tó ni orúkọ náà ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá ìjọba á gba fọ́tò.

Tiwa ò yàtọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jude ló ta Síẹ́nà fún Àǹtí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé títí dòní. Tí ọlọ́pàá bá béèrè ta ni Jude, kí àlàyé má baà gùn, Àǹtí á ní, "Olówó orí mi ni." Ó ti pẹ́ débi pé àwọn kan lójú ọ̀nà Jíbówú ti ń kí wọn ní Ìyàwó Jude, wọ́n á sì dá ọkọ̀ yòókù dúró kí wọ́n lè kọjá. Ẹni kan ṣoṣo tí kò gbọ́ nípa ìgbéyàwó yìí ni Bàbá Akínọlá, tí í ṣe olówó orí gidi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn pàtàkì ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì.

Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún ló tú àṣírí náà. Àwọn ló ń bá Àǹtí tún ìwé náà ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n wá sílé pẹ̀lú agboòrùn wọn lábíyá, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Wọ́n ní kí ìjọba gba iṣẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò lè mọ Ìyàwó Jude bí àwọn ṣe mọ̀ wọ́n.

Bàbá Akínọlá sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. "Ìyàwó ta ni?"

Mo bá wọn wà nínú yàrá náà, mo ń ṣe bí ẹni ń kàwé. Mi ò ṣí ojú ìwé kankan fún odidi ogún ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá owú. Ìwé ọkọ̀ máa kú lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ náà sì ti ránṣẹ́ pé ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé tuntun ò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà àwọn ní Mọ́ńdè. Òbí méjì ti ń wá ọkọ̀ míràn. Àǹtí ò sọ pé àwọn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọ́n fọ Síẹ́nà náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n wá nọ́ńbà Jude jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ní Ówẹ̀rì, ó sì béèrè ta ló ń wá ọkọ òun. Jìnnìjìnnì bo Àǹtí, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ṣàlàyé pé àwọn àti Jude ti jọ ń bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Obìnrin náà pa fóònù. Bàbá Akínọlá ló padà pè é tí ó fi yanjú. Jude fọwọ́ sí lẹ́tà pé òun ti ta ọkọ̀ náà, ó fi rán bọ́ọ̀sì wá sí Jíbówú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Ọmọ́níkẹ́, ló bá fi àyè orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀ lófìfo. Jẹ́ kí àyè yẹn wà lọ́kàn rẹ.

Ọjọ́bọ̀ la lọ sí ọ́fíìsì tuntun náà. Èmi ni mo gbé fáìlì. Ta la rí lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, káàdì lọ́rùn, agboòrùn kan náà lórí, wọ́n ń to àwọn èèyàn sórí ìlà. Wọ́n ní tí ìjọba bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ẹni tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀ délé ìjọba ni. Nínú ilé, kò sí ẹni tó gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Fáànù wà, àga wà. Inú àwọn èèyàn ò tilẹ̀ dùn sí i. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ìbẹ̀rù tí wọ́n rù wá látilé sí.

Ibi nọ́ńbà NIN ni tiwa ti há. Kọ̀ǹpútà ní orúkọ bàbá wọn ni Àǹtí ṣì ń jẹ́, àti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà, ó wo Àǹtí, ó ní títún un ṣe lè gba oṣù méjì. Àǹtí yíjú sí Bàbá Akínọlá. Bàbá ní àwọn ò lè gbapò Jude nínú ohunkóhun. Akọ̀wé wá béèrè ta ni NIN rẹ̀ mọ́ nínú ẹbí, àwọn méjèèjì bá yíjú sí mi. Ìdánwò JAMB ni mo torí rẹ̀ gba tèmi, kò ní àbààwọ́n kankan. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ ọkọ̀ wà, pé mi ò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá rí. Kí n tó to ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ti gba ìka mi. Orúkọ mi ló bọ́ sí àyè tí Jude fi sílẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin: Ọlábọ̀dé Tèmídayọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀.

Àǹtí ní títí ọjọ́ orí àwọn á fi dàgbà nínú kọ̀ǹpútà, mo gbọ́dọ̀ máa bá wọn jáde láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà lẹ́yìn pátápátá ní Mọ́ńdè, láàárín Jael àti Kelvin, méjì nínú àwọn ọmọ náà tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fúláàsì oúnjẹ Kelvin lórí itan mi. Ní Jíbówú, ọlọ́pàá tuntun kan dá wa dúró. Ó ka ìwé náà dáadáa.

"Ta ni Tèmídayọ̀?"

Mo rí Àǹtí nínú dígí. Ahọ́n tó ti rin ọ̀nà kan fún ọdún mọ́kànlá, ó ṣòroó yí lọ́jọ́ kan. "Olówó orí mi ni."

Jael wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Ọlọ́pàá ní kí olówó orí náà wá, kí Àǹtí sì pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí yóò fi dé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti géètì ilé ìwé. Ayọ̀miídé, mo nawọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì.

"Èmi ni, sà. Èmi ni Ọlábọ̀dé Tèmídayọ̀. Èmi ni mo ni ọkọ̀."

Ohùn náà jáde ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì wẹ̀yìn. Ọlọ́pàá tẹrí ba lójú fèrèsé, ó wo irun mi, ó wo fúláàsì Kelvin, ó yíjú sí Àǹtí.

"Mọ́mì, olówó orí yín ló di ṣùkú?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Àǹtí wí. "Ẹnu mi ló ṣìnà. Ọmọ mi ni."

Ẹ̀rín ni ọlọ́pàá fi dá ìwé padà. Wọ́n ń fa géètì pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Ọ̀gá ilé ìwé yẹ ìwé wò, ó ní kò burú, kò sì sí òbí tó mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Àǹtí gbé báàgì wọn kúrò lórí ìjókòó iwájú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Wọ́n kàn fọwọ́ lu ìjókòó náà pẹ́pẹ́. Láti ọjọ́ náà, iwájú ni mò ń jókòó títí dé ẹnu géètì yunifásítì, àwọn ọmọ náà sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ṣí fèrèsé.

Ní àná, olùkọ́ pe orúkọ mi, mo sì jẹ́ ẹ bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Gbogbo kíláàsì wẹ̀yìn. Ọmọ́táyọ̀, tó ti ń jókòó tì mí láti oṣù mẹ́ta láìmọ orúkọ mi, béèrè bóyá èmi ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Síẹ́nà kan láàárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló ni ín. Mo ro ti Jude, mo ro ti NIN, mo rí i pé àlàyé á gùn.

Mo ní, "Tèmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A jọ jẹun ọ̀sán.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá, kí o sì kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù nílé. Tí o bá rí màmá mi, má tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí fún wọn o. Iṣu ni wọ́n máa ní kí n fi wá kó. Kí o tètè dá mi lóhùn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò tíì mọ ibi tí bíréèkì wà,

Tèmídayọ̀ Ọlábọ̀dé.