Ẹ̀rọ Tuntun Tó Ń Wọn Omi Adágún Edé

Kinasih ọmọ mi,

Ṣé ara yín le? Ṣé àbúrò rẹ ń jẹun? Èmi wà dáadáa ní Lampung níbí, ó kàn ń rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Wọ́n ra ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́ wa tó ń wọn báíkábónéètì, èròjà tó ń mú èèpo edé le, nínú omi adágún edé. O mọ̀ pé ojú ni mo fi ń ṣe tèmi: màá po aró díẹ̀ mọ́ omi náà, màá máa kán ásíìdì sí i títí àwọ̀ búlúù rẹ̀ yóò fi di pupa; bí ẹ̀kán bá ṣe pọ̀ tó ni iye náà ń ga tó. Wọ́n ní ká fi méjèèjì wéra fún ọ̀sẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ ni iye tèmi ń ga ju ti ẹ̀rọ lọ. Tegar tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Màmá, ó ti pupa tipẹ́, ẹ ṣì ń kán an. Àbí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Mo ní iná yàrá iṣẹ́ wa ni kò mọ́lẹ̀.

Iye tèmi ni wọ́n tẹ̀lé lóṣù tó kọjá. Wọ́n rò pé báíkábónéètì ti tó, wọn ò da ẹfun sí adágún kẹsàn-án, èèpo edé ibẹ̀ sì rọ̀. Ọ̀gá ò bínú. Ìgò ni mo ń fọ̀ báyìí. Iṣẹ́ náà fúyẹ́.

Jọ̀ọ́, ìwọ àti àbúrò rẹ, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú ìyá mi náà nìyẹn.

Bá mi kí bàbá yín. Sọ fún un pé mo ń sùn dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá yín