Ẹ Wá Wo Rodney Nínú Ẹrẹ̀

Ọgbà Káráfáànù Thornbeck,
Yorkshire.
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Keje, 2019.

Dilys, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀rinrin o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun òkè ọ̀hún lọ ra búrẹ́dì? Jago ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé òun àtàwọn ẹyẹ òkun ṣì ń ja ìjà orí oúnjẹ? Ní tèmi, ara mi le koko. Kódà, láti ọjọ́ tí Wilf ọkọ mi ti kú, ara mi ò le tó báyìí rí. Bu tíì, kó o jókòó, torí mo ti gbẹ̀san lára Rodney.

O rántí pé mi ò wá kí yín lẹ́yìn ìsinmi léṣìí, tí mo ní òtútù ló mú mi. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Wilf ló máa ń wa káráfáànù wa, ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, wọlé, iṣẹ́ tèmi ò ju kí n dúró lẹ́yìn kí n máa ju ọwọ́. Léṣìí ni mo kọ́kọ́ fi Lándíróvà rẹ̀ dá a fà wá síbí. Ìgbà tó wá di kí n fẹ̀yìn wọ àyè wa létí odò, mo yí sitiárìn sọ́tùn-ún, káráfáànù gba òsì lọ. Mo yí i sósì, ó fẹ́ lọ gbá ẹ̀rọ omi. Ni Rodney, àbúrò ọkọ mi, bá gbé àga jáde, ó jókòó ti òun ti tíì lọ́wọ́, ó ń pariwo sí gbogbo ọgbà: "Ẹ wá wòran o! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé ilé wọ inú odò!" Wọ́n sì wá lóòótọ́, tajátẹran.

Rodney já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó wà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọ inú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí ìjókòó Wilf láìbọ́ bàtà. Ó ní, "Enid, gbé e fún mi, kò yẹ ọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tó ò bá lè wà á wọlé fúnra rẹ, màá wá fà á lọ." Ìbínú ni mo fi dá a lóhùn lójú gbogbo ayé pé mo gbà. Dilys, ife Wilf ṣì wà lórí ìkọ́ nínú káráfáànù yẹn, fìlà òjò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí Rodney bá fà á lọ, kí ló kù tèmi? Ó dùn mí wọ egungun.

Gbogbo ìgbà òtútù, lọ́jọ́ Àìkú tí ọjà àgùntàn bá ti ṣófo, mo ń fà á lọ síbẹ̀, mo ń to àpò oúnjẹ àgùntàn bí ògiri, mo ń fẹ̀yìn wà á wọ àárín wọn. Mo fọ́ iná ẹ̀yìn kan, mo sunkún, mo bú Wilf pé kí ló dé tí kò kọ́ mi. Ọjọ́ kan ni mo ṣèèṣì di sitiárìn mú nísàlẹ̀ dípò òkè. Àṣé ibi tí ọwọ́ mi bá lọ ni ìdí káráfáànù máa lọ! Láti ọjọ́ náà, àpò tí mo bá gùn mọ́lẹ̀, Rodney ni mo ń pè é.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo wá dé. Òjò ti ń rọ̀ ṣáá. Rodney ti ra mọ́tò onílé, èyí tí mọ́tò àti ilé jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, funfun báláú, ó tóbi bí ilé ìfowópamọ́. Ọ̀gbẹ́ni Tranter tó ń bójú tó ọgbà kìlọ̀ fún un pé ilẹ̀ etí odò ti rọ̀, kó dúró sórí òkúta. Etí ikún. Àyè Wilf gan-an ló gbé e sí, kó lè jẹ́ pé kọ̀rọ̀ tó há gádígádí láàárín ògiri àti ẹ̀rọ omi ló máa kù fún mi. Kí n tó dúró, ó ti gbé àga jáde. "Enid, ṣé o mú kọ́kọ́rọ́ mi dání?"

Mo di ìsàlẹ̀ sitiárìn mú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, Dilys! Ó wọ kọ̀rọ̀ yẹn bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, Pauline ìyàwó Rodney náà pàtẹ́wọ́, àfi ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wò ó ló tó dáwọ́ dúró. Rodney ní oríire lásán ni, kò kà, àfi tí mo bá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. O ò rí ọ̀dájú?

Òjò ò sinmi ní gbogbo òru. Tó o bá ní mọ́tò onílé, tó o sì fẹ́ ra mílíìkì, gbogbo ilé lo máa gbé lọ. Rodney ṣáná láàárọ̀, táyà ń yí lójú kan, ó ń rì. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ti Rodney tutù débi pé ó fẹ́ gbé e mì. Odò ń kún bọ̀. Katakata Tranter wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Lándíróvà Wilf nìkan ló lè fa mọ́tò yẹn jáde.

Pauline ló kọ́kọ́ rán sí mi. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ yìí ló ń gbé àpótí ìgbẹ́ inú mọ́tò onílé wọn lọ dà láràárọ̀, tí Rodney á máa ka ìwé ìròyìn? Mo fún un ní tíì, mo ní kí ọkọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó wá lóòótọ́, sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Mo gbé àga Wilf jáde, mo jókòó, mo gbé tíì lọ́wọ́.

"Ẹ wá wòran o! Àbúrò ọkọ mi fẹ́ gbé ilé wọ inú odò!"

Wọ́n wá, tajátẹran.

"Enid, ẹ jọ̀ọ́, odò ń kún."

"Kí ni kí n wá ṣe sí i? Ṣebí kò yẹ mí."

"Ó yẹ yín! Mo ní ó yẹ yín!"

"Ta ló ni káráfáànù?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ o."

Ó pariwo ẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Tíì mi ti tutù, ṣùgbọ́n mo mu ún tán pátápátá kí n tó dìde. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá." Mo gbà á, mo fi lé Pauline lọ́wọ́, mo ní kó jókòó sídìí sitiárìn, mo ní kí Rodney lọ máa tì í lẹ́yìn. Mo fi okùn so mọ́tò náà mọ́ Lándíróvà. Mo lè fà á jẹ́jẹ́. Mi ò fà á jẹ́jẹ́. Ẹrẹ̀ bò ó látorí délẹ̀, ó wọ ọ́ létí, ó wọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò dúró lórí òkúta, ẹnu géètì ni mo fà á dé kí n tó tú okùn.

Mo ní kí Pauline dúró de ọkọ rẹ̀. Ó wo dígí, ó rí i tó ń sáré bọ̀, sálúbàtà kan lọ́wọ́, tó ń pariwo pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ni Pauline bá ki gíà bọ̀ ọ́, ó lọ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ẹsẹ̀ ni Rodney fi rìn dé abúlé, ibẹ̀ ló ti bá a tó ń jẹ kéèkì. Pauline ní òun ò tètè rí bíréèkì.

Àlùfáà wa á ní kí n dárí jì í. Ó di ọdún mìíràn. Nígbà tí mo padà wọlé, mo mú ife Wilf kúrò lórí ìkọ́, mo bu tíì sí i, mo mu ún. Mi ò lè fọwọ́ kàn án rí látọjọ́ tó ti kú.

Bá mi kí Jago, kó o kí àwọn ọmọ. Wá lóṣù tó ń bọ̀, orúnkún yẹn ò ní pa ọ́. Ìwọ lo máa wa káráfáànù wọlé. Màá gbé àga jáde o, màá sì mu tíì, ṣùgbọ́n mi ò ní pe ẹnì kankan wá wòran.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé,
Enid.