Pa Akínọlá Adébíyìí, Alága Alátùpà Tó Lọ Roko Alágogo

Ìjan-Èkìtì ni a bí Pa Akínọlá Adébíyìí sí lọ́dún 1914, sínú ìdílé àgbẹ̀ paraku. Adébíyìí, àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ, ni bàbá wọn. Mojísọ́lá, ọmọ Ìgèdè, ni ìyá tó bí wọn. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Kẹrin kí ikú bàbá wọn tó dá wọn padà sóko. Lọ́dún 1939, wọ́n gbé Modúpẹ́ níyàwó. Màmá wa a máa ṣàwàdà pé ẹnu dídùn ni Bàbá fi fẹ́ àwọn, kì í ṣe iṣu.

Ẹnu yẹn náà ló sọ wọ́n di olóṣèlú. Lọ́dún 1951, àwọn ni wọ́n dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú Alátùpà sílẹ̀ ní Ìjan, wọ́n sì jẹ alága rẹ̀. Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Bí Bàbá bá dé fìlà funfun, tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Ráléè wọn, tí wọ́n kọrí sí ìpàdé l'Ádó, àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀lé wọn dé ẹ̀yìn ìlú, wọ́n á máa pariwo "Alága! Alága!" Inú Bàbá á máa dùn ṣìnkìn. Wọ́n fẹ́ràn àga yẹn, a ò ní parọ́.

Alága ẹgbẹ́ kejì, Alágogo, ni Nọ́fíù Olúgbádé, Mùsùlùmí tó múlé ti Bàbá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì àti àwọn àgbẹ̀ mìíràn ti jọ ń ṣe àáró: bí wọ́n bá roko ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì ló kàn. Níbi ìpolongo, wọ́n á bú ara wọn bí ẹni máa jà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á jọ jẹun nínú ahéré kan náà.

Lóṣù karùn-ún ọdún 1956, tí ìbò ku díẹ̀, Nọ́fíù já bọ́ lórí igi obì, itan wọn sì kán. Òjò ti dé, koríko ń bo iṣu wọn mọ́lẹ̀, oko wọn sì ni àáró kàn. Inú àwọn Alátùpà dùn. Wọ́n ní ebi ni yóò kọ́ Alágogo lọ́gbọ́n. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá láti Adó pé bí wọ́n bá fẹsẹ̀ kan oko yẹn, kí wọ́n gbàgbé àga alága, kí wọ́n sì gbàgbé ipò káńsílọ̀ tí a ti ṣèlérí fún wọn. Màmá ní Bàbá kò fọwọ́ kan iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, Bàbá gbé ọkọ́, wọ́n kó gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ àáró lẹ́yìn, wọ́n sì roko Nọ́fíù látòkè délẹ̀. Wọ́n ní àáró ni òṣèlú wá bá lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò sì ní torí àlejò lé onílé.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tán tí ẹgbẹ́ fi yọ wọ́n. Ó dun Bàbá wọra. Bí ọjọ́ ìpàdé bá pé, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wo ọ̀nà Adó. Wọn kò di káńsílọ̀ títí ayé. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n fi ìyókù agbára wọn sìn gẹ́gẹ́ bí alàgbà, àwọn náà ni wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti la ọ̀nà odò ìlú.

Bàbá sùn nínú Olúwa lóṣù kẹta ọdún 1992. Wọ́n fi ìyàwó wọn, Modúpẹ́, sáyé lọ. Wọ́n tún fi àwọn ọmọ wọn sáyé: Ẹ̀bùnọlá, Olúgbénga àti Fọláṣadé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Nígbà tí à ń to orúkọ wọ̀nyí, Alájì Nọ́fíù tẹ ọ̀pá wá, wọ́n bi wá pé níbo ni a kọ orúkọ àwọn sí. A ní ẹbí nìkan ni à ń kọ. Ẹkún ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Nítorí náà, ẹ bá wa kà á mọ́ wọn: àbúrò kan, Nọ́fíù.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Iṣẹ́ tó, ẹ sinmi.