Ojú Gbooro

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Bùnmi tí ó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ fọ́tò ti ṣèlérí pé bí mo bá ya àwòrán gidi kan lónìí, òun yóò gbé e kọ́ sí sítúdíò òun. Ọ̀gá ni mò ń pè é. Àbíkẹ́yìn mi dàgbà jù ú lọ.

A lọ sábẹ́ àtíbàbà àwọn onídìrí ní Oregun. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibí." Gbogbo wọn gan paali.

Ọ̀gá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó kí wọn bí a ti ń kí onídìrí: "Ojú gbooro o."

"Òòyà á yà o." Ìyá kan fi kún un pé, "Ìwọ náà wá jókòó, orí rẹ ti di igbó."

Ẹ̀rín wọn ni Ọ̀gá yà.

Lójú ọ̀nà, mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní ìkíni yẹn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́.

"Ẹ̀yin ni, Mà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kí wọn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi débẹ̀. Ẹ ò tíì ra kámẹ́rà nígbà yẹn."

N kò rí àwòrán gbé kọ́. Kí ni kámẹ́rà ń ṣe sí ẹnu mi tí n kò fi kí wọn? Mo fẹ́ padà lọ lọ́la. N ó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sínú àpò, kí n kí wọn ná.