Bàbá Bákàrè Àkànmú, Ẹni Tí Ó Fi Páànù Ilé Ara Rẹ̀ Bo Ẹ̀wà Àwọn Ará Ìgbàanì

Agbo-ilé Aláró ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Olóògbé Bàbá Bákàrè Àkànmú ní ọdún 1896. Ní 1912, bàbá wọn, Súlè, mú wọn wá sí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, àdúgbò Moshie Zongo sì ni wọ́n ti kọ́ kéwú. Wọ́n gbé Ìyá Sàbírátù, ìyá àwa ọmọ wọn, níyàwó ní 1923.

Páànù ni Bàbá ń tà. Wọ́n bo ilé onílé títí, inú yàrá tí wọ́n háyà ni àwọn fúnra wọn ń gbé. Àdúrà wọn kan ṣoṣo ni pé kí ọlọ́jọ́ má dé bá àwọn nílé onílé.

Ní 1953, Màmá Yaa onílẹ̀ fún wọn nílẹ̀ sí Tafo, ní Kumasi kan náà. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan ìkòkò, ọlọ àti ẹ̀wà tó ti jó di èédú, ni wọ́n bá bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní oògùn tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀ ni. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí Bàbá dà á sódò, kí wọ́n ṣe sàráà, kí iṣẹ́ máa lọ. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ọ̀tá kì í gbé ọlọ ti oògùn; ẹnì kan ló dáná síbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, olùwádìí ohun àtijọ́, ní Accra.

Òjò ṣú kí Cornelius tó dé. Bàbá kó páànù tí wọ́n tọ́jú fún ilé wọn, wọ́n fi bo ihò náà. Ẹ wo ẹ̀rín ní Tafo! Ìyá wa pàápàá figbe ta: “Adɛn, kí ló dé, Bàbá Màmúdù? Ṣé inú ihò lẹ fẹ́ kó wa lọ ni?” Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọra, ṣùgbọ́n wọn ò ká páànù kúrò.

Cornelius gbẹ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí di 1955. Ẹ̀wà náà tóbi ju ti inú igbó lọ, ìyẹn ni pé ènìyàn ló ń gbìn ín, tí ń ṣa irúgbìn tó dára. Ó ní àgbẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní ohun tó lé lẹ́gbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, àti pé bí kò bá sí páànù Bàbá, òjò ọjọ́ náà ì bá ti gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ayọ̀ ọ̀hún ò ṣe é fẹnu sọ! Àwọn tó fi Bàbá ṣẹ̀sín ló kọ́kọ́ kó ọmọ wọn wá wòran. Màmá Yaa fún Bàbá nílẹ̀ mìíràn, ó ní àlejò tó tọ́jú ohun ìní òkú ti di onílé. Nígbà tí ilé parí ní 1956, Bàbá kọ páànù tuntun. Wọ́n ní páànù orí ihò ni kí a fi bo yàrá àwọn.

Ní oṣù kẹfà 1958, Bàbá jẹ́pè Ọlọ́hun nínú yàrá náà. Wọ́n fi Ìyá Sàbírátù sáyé lọ, àti Màmúdù, Ṣàkírù, Rámátù, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọọmọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òrùlé ò jò.

Àkànmú, ilé ara yín ni ọlọ́jọ́ bá yín. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re, onílé.